Ẹ Jẹ́ Ká Dá Àáró Fún Ẹni Tó Ń Tọ́jú Aláìsàn

      

 Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ti aláìsàn nílé báyìí, tẹ́ ẹ yí ohùn rédíò wálẹ̀ kó má baà jí i, ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ kú àìsùn. Ẹ kú ìrọ́jú. Tiyín ni ọ̀rọ̀ tòní.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ta ló ń tọ́jú òun náà?

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan nínú àwọn ìyá ọjà wa. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń ta gàrí. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń ta iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní àrùn ẹ̀gbà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sítróòkù. Ọwọ́ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ kò já geere lẹ́nu bàbá mọ́.

Kí àkùkọ tó kọ, ìyá ti dìde. Ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni pé á yí bàbá padà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Ìdí ni pé bí aláìsàn bá fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn pẹ́ jù, ara á bó, á di egbò. Egbò yẹn kì í tètè jiná. Ó máa ń jẹ wọnú ẹran ara ni. Lẹ́yìn náà, á bọ́ pámpáàsì tó ti rin. Á gbómi kaná. Á nu bàbá láti orí dé ẹsẹ̀, á fi aṣọ gbígbẹ nù ún, á fi ìpara pa á lẹ́yìn àti ìdí. Á ká aṣọ ibùsùn tó ti tutù, á rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ. Á wá fi ìrọ̀rí ti bàbá lẹ́yìn kó lè jókòó dáadáa, á sì máa fi ṣíbí fún un ní ògì. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Bó bá kánjú, ògì lè há bàbá lọ́fun. Bó sì ṣe ń fi ṣíbí kan sí i lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wo ọ̀fun rẹ̀ bóyá ó ti gbé e mì, kó tó bu òmíràn.

Gbogbo èyí, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ọjọ́ ọjà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ìlú wa lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, sì ni. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti tò sẹ́bàá títì. Àwọn oníbàárà láti Àkúrẹ́ ti ń ná ọjà. Ìyá á sáré dé ìsọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á kí i: “Ẹ káàárọ̀ mà. Bàbá ńkọ́? Ṣé ara ń le díẹ̀díẹ̀?” Á ní, “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.” Kí ọjà tó kún rárá, á ti máa palẹ̀ mọ́. Àkókò àtiyí bàbá padà ti tó.

Ẹ ti gbọ́ ìkíni yẹn, àbí? Bàbá ńkọ́? Ìkíni tó dára ni. Ṣùgbọ́n ta ló béèrè ìyá? Ta ló béèrè ìbàdí tó fi ń gbé ọkùnrin tó tóbi jù ú lọ? Ta ló béèrè oorun tí kò sùn? Ta ló béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀? Aláìsàn kan la rò pé ó wà nínú ilé yẹn. Ẹ tún un kà.

Ìyá yìí nìkan kọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní àdúgbò yín tí iyè ìyá rẹ̀ ti ra. Bó bá mójú kúrò lára ìyá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìyá á ti fẹsẹ̀ rìn dé ojú títì níbi tí ọkọ̀ ti ń sá eré àsápajúdé. Bàbá kan wà tó ń gbé ọmọ rẹ̀ tó ní àrùn sickle cell lọ sí ọsibítù láàárín òru. Ìyá kan wà tó ṣì ń pọn ọmọ tó yẹ kó ti máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sílé ìwé. Ìyàwó ilé kan wà tó ń tọ́jú ìyá ọkọ, tí àwọn ọmọ ìyá sì wà ní Èkó àti Kánádà. Owó ń wọlé láti Kánádà, a kò purọ́. Ṣùgbọ́n owó kì í yí aláìsàn padà lórí ibùsùn. Ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe é.

Ẹ bi ara yín wò: ẹ mọ ẹnì kan tó wà nírú ipò yìí, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n? Mo mọ̀ pé orúkọ ti wá sí yín lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí orúkọ náà wà níbẹ̀. A máa nílò rẹ̀ kí ètò yìí tó parí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìtàn obìnrin kan fún yín. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Mary Webster lorúkọ rẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni, ó ń darí ìjọ. Ẹni ọdún 31 ni nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ darúgbó tí wọn kò lè dá nǹkan ṣe fún ara wọn mọ́. Ní 1954, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó padà sílé lọ tọ́jú wọn. Kò lọ́kọ. Gbogbo ayé ló gbà pé òun náà ló kàn. Àwa náà máa ń wí bẹ́ẹ̀, àbí? A ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà kò bá rí oúnjẹ jẹ, ọmú wo ni òkété yóò rí mu?

Ọdún ń gorí ọdún. Owó tán. Ọ̀rẹ́ tán. Mary Webster wà nínú ilé, ó ń tọ́jú arúgbó. Nígbà tó di 1963, ó ṣe ohun kan ṣoṣo. Ó mú kálàmù, ó kọ lẹ́tà sí àwọn ìwé ìròyìn. Ó ní ẹ wo àwa obìnrin tí a kò lọ́kọ, tí a fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí òbí wa. Ta ló rántí wa? Nígbà tí òbí wa bá sì kú tán, kí la ó jẹ?

Kí lẹ rò pé ó tẹ̀lé e? Lẹ́tà ló ya wọlé. Láti ìlú ńlá, láti abúlé, láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tí kò mọra rí. Olúkúlùkù wọn ti rò pé òun nìkan ni. Olúkúlùkù ti ń sunkún sínú ìrọ̀rí tirẹ̀. Wọ́n wá rí i pé àwọn pọ̀. Ní 1965, wọ́n dá àjọ sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìlẹ̀kùn ìjọba.

Mary Webster kò pẹ́ láyé. Ó kú ní 1969, kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìrànwọ́ fún ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú aláìlera ní 1976, ó ti wà nínú ibojì. Ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ ló la ọ̀nà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nílé là ń sọ. À ń béèrè pé ta ló ń tọ́jú àwọn náà. A sì ń wo àwọn tó kọ́kọ́ dìde láti dáhùn ìbéèrè yẹn.

Owó ìrànwọ́ tí mo sọ yẹn, ẹ mọ̀ pé ó ní àléébù kan. Ìjọba kò san án fún obìnrin tó lọ́kọ. Kí nìdí? Wọ́n ní obìnrin tó lọ́kọ, ilé ni yóò kúkú wà. Iṣẹ́ ilé ni ìtọ́jú aláìsàn, kí la tún fẹ́ sanwó fún? Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ṣàjèjì sí etí wa?

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Jacqueline Drake. Ó lọ́kọ. Ó fi iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀ nítorí kó lè tọ́jú ìyá rẹ̀. Ó béèrè owó náà, wọ́n ní kò tọ́ sí i. Ó gbé ẹjọ́ lọ títí dé ilé ẹjọ́ àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì jàre ní 1986. Láti ìgbà náà, obìnrin tó lọ́kọ náà di ẹni tí à ń kà kún.

Ṣáájú ìgbà yẹn, obìnrin mìíràn ti dìde. Judith Oliver ni. Ọkọ tirẹ̀ ni kò lera. Ó wo àjọ Mary Webster, ó rí i pé ti àwọn obìnrin tí kò lọ́kọ ni. Ó ní ìyàwó tó ń tọ́jú ọkọ ńkọ́? Ọkọ tó ń tọ́jú ìyàwó ńkọ́? Òbí tó ń tọ́jú ọmọ ńkọ́? Ní 1981, ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo wọn láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, àjọ méjèèjì para pọ̀ di ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní Carers UK títí di òní. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London, tó ń tọ́jú ìyá tàbí ọkọ rẹ̀ nílé, lè pè wọ́n kó sì gba ìmọ̀ràn. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kò dákẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ará ibí yìí, ti òyìnbó nìyẹn. Tiwa ńkọ́?” Ìbéèrè tó dára ni. Tiwa wà. Ẹ bá mi ká lọ sí Abẹ́òkúta.

Ní 1954 kan náà tí Mary Webster fi iṣẹ́ sílẹ̀, oníṣègùn kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò níbẹ̀. Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ni, ọmọ Abẹ́òkúta. Àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀, àwọn tí à ń pè ní alárùn ọpọlọ, ló ń tọ́jú. Nígbà náà, ohun tí ayé mọ̀ ni pé kí wọ́n ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ inú yàrá, kí wọ́n sì yà á kúrò lọ́dọ̀ ẹbí. Lambo kọ̀. Ó ní kí aláìsàn má dá wá. Kí ẹbí rẹ̀ kan tẹ̀ lé e. Kí àwọn méjèèjì máa gbé nínú ilé àwọn ará abúlé tó yí Arò ká. Láàárọ̀, ẹbí á mú aláìsàn lọ gba ìtọ́jú. Bí ìtọ́jú bá parí, wọ́n á padà sí abúlé. Ẹbí á se oúnjẹ tí aláìsàn mọ̀, á fọ aṣọ rẹ̀, á bá a sọ èdè tó yé e.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọgbọ́n wà. Lambo kò kàn ju ẹrù lé ẹbí lórí kó máa lọ. Àwọn ará abúlé gbà wọ́n sílé. Ilé ìwòsàn yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè tún ilé wọn ṣe kí ó gba àlejò. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn kò dá wà. Ó ní òrùlé, ó ní aládùúgbò, ó ní nọ́ọ̀sì tó ń yà wò ó. Ìròyìn ìtọ́jú yìí tàn ká ayé. Lambo di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó sì tún di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé ní Geneva. Ohun tó sì gbé lọ bá wọn níbẹ̀, ọgbọ́n abúlé Arò wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo òde òní. Bẹ́ ẹ bá dé ọsibítù lálẹ́, níbikíbi ní ilẹ̀ wa, kí lẹ máa ń rí lẹ́yìn wọ́ọ̀dù? Ẹní ni. Aṣọ ìbora. Kúlà oúnjẹ. Ẹbí aláìsàn sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́. Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá nílò oògùn, òun ni wọ́n á rán. Bí wọ́n bá nílò omi, òun ni yóò pọn ọ́n. Ilẹ̀ á mọ́, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé, “Ìwọ ńkọ́, ṣé o jẹun?” Ṣé a kò ti pàdánù ohun tí Arò fi kọ́ wa?

Ṣùgbọ́n àwọn kan ń gbìyànjú nílẹ̀ wa. Ọ̀gágun òfúrufú kan tó ti fẹ̀yìn tì, Fẹ́mi Gbádébọ̀, àti ìyàwó rẹ̀, bí ọmọkùnrin kan tó ní àìlera tí wọ́n ń pè ní cerebral palsy. Àìlera náà máa ń wá láti inú ọpọlọ nígbà tí ọmọ ṣì kéré jọjọ, kì í sì í jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe bí ọmọ ṣe fẹ́. Wọ́n tọ́jú ọmọ wọn. Wọ́n wá wò ó pé àwọn tí àwọn ní owó ìfẹ̀yìntì, tí àwọn mọ ọ̀nà, ìyà yìí ṣì jẹ àwọn tó báyìí. Ẹni tí kò ní ńkọ́? Wọ́n dá àjọ Benola sílẹ̀ ní Èkó, láti máa la àwọn òbí lọ́yẹ̀, láti máa gbẹnu sọ fún wọn. Ìyá kan náà wà, Rose Mordi. Ọmọbìnrin rẹ̀ ní Down syndrome. Ó dá àjọ sílẹ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ àti àwọn òbí wọn ní 2001.

Ẹ jẹ́ ká kó wọn pọ̀ wò. Mary Webster, òbí ló ń tọ́jú. Judith Oliver, ọkọ ni. Gbádébọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, ọmọ ni. Rose Mordi, ọmọ ni. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ìjọba rán níṣẹ́. Kò sí ìkankan tó jókòó sí ọ́fíìsì tó wá ń ronú iṣẹ́ àánú tí òun yóò ṣe. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ni gbogbo wọn ti dìde. Ẹni tó ń ru ẹrù ló kọ́kọ́ sọ pé ẹrù wúwo.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi í sọ ọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. A ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. A ní ká má fi ìdí ilé hàn. Ẹ̀rù ẹnu ayé sì ń bà wá. Bí ọkọ bá ṣubú lulẹ̀, tí apá kan kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí làwọn kan máa ń kọ́kọ́ sọ? Wọ́n á ní ìyàwó ló mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó ń yí ọkọ padà lóru, tó ń nu ìgbẹ́, òun náà ni wọ́n ń nàka sí lọ́sàn-án. Bí ọmọ bá ní àìlera, wọ́n á ní ìyá rìn lóru nígbà tó lóyún. Ta ló fẹ́ lanu sọ̀rọ̀ láàárín irú àwọn bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká ṣíwọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló máa ń fa sítróòkù jù lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí tún wúwo sí i ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tiwa. Ìlú èrò ni Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ọmọ Àkúrẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀bìrà wà níbẹ̀. Ìgbò wà, Ìgèdè wà, Tiv wà, Hausa wà. Oko ló kó wọn wá, ọjà ló dá wọn dúró. Bí àìsàn bá dé bá irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n wà lọ́nà jíjìn, àbúrò wà lọ́nà jíjìn. Ta ló kù? Ẹni tó ń gbé yàrá kejì. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kan tirẹ̀. Ìwọ ni. Èmi ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, à ń béèrè pé ta ló ń tọ́jú ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. A ti sọ ti òkè òkun, a ti sọ ti Arò. Ó wá kan ohun tí a lè ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ dábàá, ẹ ti mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ọ́. Bí oko bá pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, kí làwọn bàbá wa ń ṣe? Wọ́n ń dá àáró. Lónìí, gbogbo wọn á lọ sóko tèmi. Lọ́túnla, gbogbo wọn á lọ sóko tìrẹ. Kò sí owó níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń san ọwọ́. Bí a bá lè dá àáró nítorí ebè, kí ló dé tí a kò lè dá àáró nítorí ènìyàn?

Báwo ni yóò ṣe rí? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Èkíní, ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn pé wákàtí wo ló le jù fún un. Ẹ má rò ó fún un. Òun ló mọ̀. Ó lè jẹ́ ọjọ́ ọjà. Ó lè jẹ́ àfẹ̀mọ́jú. Ó lè jẹ́ pé kó kàn rí oorun ọ̀sán sùn. Wákàtí yẹn ni kẹ́ ẹ bá a gbé.

Èkejì, ẹ jẹ́ díẹ̀. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ṣeé fọkàn tán, tí wọ́n ń gba ọwọ́ ara wọn, ti tó. Ẹ má kó ogun èèyàn ya ilé aláìsàn. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má fi í sílẹ̀ fún àwọn obìnrin nìkan o. Gbígbé àgbàlagbà láti ibùsùn bọ́ sórí àga, iṣẹ́ agbára ni. Agbára tẹ́ ẹ fi ń gbé àpò kòkó, ẹ mú díẹ̀ wá níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí onílé fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà ní bíi wákàtí méjì méjì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé e jókòó kí wọ́n tó fún un lóúnjẹ. Ẹ mọ oògùn tó ń lò àti àsìkò rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá bẹ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé yín dáadáa, á fi kọ́ yín.

Ẹ̀kẹrin, ẹ pa ẹnu mọ́. Ohun tẹ́ ẹ bá rí nílé aláìsàn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi í sí. Ẹ má ya fọ́tò. Ẹ má gbé e sórí WhatsApp. Ẹ má sì sọ ìbẹ̀wò di ìwàásù. Ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ jẹ́ kó lọ sùn. Àdúrà yín á gbà bó bá wà lójú oorun.

Mo gbọ́ ohun tí ẹnì kan ń sọ lọ́kàn. Ó ní àáró, ẹni tí wọ́n bá ṣe tirẹ̀ gbọ́dọ̀ san án padà. Ìyá tó ń tọ́jú aláìsàn tọ̀sántòru, ìgbà wo ni yóò rí tiwa san? Á san án. Ìmọ̀ ló máa fi san án. Nínú gbogbo wa ládùúgbò, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń dènà egbò. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ní ògì. Àìsàn kò mọ ilé ẹnì kan. Lọ́jọ́ tó bá kan ìlẹ̀kùn tìrẹ, tó o dúró tí o kò mọ ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀, ìyá yẹn ni yóò wọlé, tí yóò ní, “Ẹ fà á mọ́ra báyìí. Ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.” Kí ló tún jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹ jẹ́ kí n wá bá ẹ̀yin fúnra yín sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú aláìsàn. Bó bá ń rẹ̀ yín, ẹ sọ. Bí orí bá ń fọ́ yín lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Nígbà tẹ́ ẹ bá gbé aláìsàn lọ sọ́sibítù, ẹ na apá tiyín náà kí wọ́n wò ó. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ń jágbe mọ́ aláìsàn, tẹ́ ẹ sì wá ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má pe ara yín ní ènìyàn burúkú. Ara ló ń bẹ̀bẹ̀ ìsinmi. Ẹ wá ẹnì kan, ẹ sọ fún un pé, “Ẹ bá mi jókòó tì í fún wákàtí kan.” Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tí kò sọ tẹnu rẹ̀, àwọn mìíràn ní í bá a sọ ọ́, wọn kì í sì í sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ ṣeun, owó yín ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tẹ́ ẹ bá pè, ẹ má kàn béèrè màmá kẹ́ ẹ sì pa fóònù. Ẹ béèrè ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín tó ń wẹ màmá. Ẹ fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun náà, lórúkọ ara rẹ̀.

Ẹ rántí orúkọ tó wá sí yín lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣì wà níbẹ̀? Ó dáa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá ọlọ́jà, nígbà tẹ́ ẹ bá tún ṣèpàdé, kẹ́ ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ owó àjọ, ẹ bi ara yín pé ta ló ń tọ́jú aláìsàn láàárín wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin inú ìjọ, ẹ bi ara yín lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ àṣàlátù, ẹ bi ara yín. Ẹ̀yin àwọn àgbẹ̀ tẹ́ ẹ ṣì ń dá àáró lóko, ẹ mú ilé aláìsàn kan mọ́ ọn. Ilé kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà kan ni Mary Webster fi bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi tó wa létí. A ó pè yín wá sórí afẹ́fẹ́ kẹ́ ẹ wá sọ bó ṣe ń lọ, ibi tó rọrùn àti ibi tó le, kí àwọn ìlú mìíràn lè gbọ́ kí wọ́n sì tẹ̀ lé e.

Ibi tí a ó dé lónìí nìyẹn. Kí Elédùmarè fún àwọn aláìsàn wa ní ìlera. Kó fún àwọn tó ń tọ́jú wọn lókun, kó sì fi ènìyàn ràn wọ́n lọ́wọ́.